Ọmọ Aláta Gbé E Sódì

Kinga Szilvássy kì í kí èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá kí ọ láàárọ̀ tí o kò tètè dáhùn, ó di ọjọ́ kejì. Nínú ilé ìwádìí tó wà létí odò Tisza nílùú Szeged, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọmọ dókítà ni, pé ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ibẹ̀ ti ń dára jù, àti pé lójú rẹ̀, ìdajì àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò yẹ lẹ́ni tí à ń ní kó bá ni gbé korobá omi. Ní ti ìdajì yòókù, kò tíì pinnu.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Etelka tó bí i, opó Dókítà Szilvássy, kò fi ọmú nìkan tọ́ ọ. Ọmú àti ẹ̀gàn ni ọmọ náà jọ mu dàgbà. Kò sí aládùúgbò tí Etelka kò ní orúkọ fún, kò sì sí èyí tó ṣeé pè létí onítọ̀hún nínú àwọn orúkọ náà.

Iṣẹ́ tí Kinga ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n á mú ẹran ọkàn aláìsàn díẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi sínú jẹ́lì kan tó ń mì bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán, iná mànàmáná á sì to àwọn purotéènì inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ńlá lókè, àwọn kékeré nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́lì kò ṣeé gbé káàkiri, ó máa ń ya. Nítorí náà, wọ́n á gbé awọ funfun fẹ́lẹ́ kan lé e, wọ́n á fi bébà rírin há méjèèjì láàárín, wọ́n á tún taná sí i, kí àwọn purotéènì lè kúrò nínú jẹ́lì kí wọ́n ṣí bọ́ sórí awọ. Orí awọ yẹn ni àńtíbọ́dì, èròjà tí í mọ purotéènì kan ṣoṣo, á ti wá èyí tí wọ́n rán an sí, nítorí àńtíbọ́dì kì í ya ilé onílé. Òfin kan ló wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbàgbé: jẹ́lì lápá okùn iná dúdú, awọ lápá okùn iná pupa. Bí o bá gbé e sódì, gbogbo purotéènì á gba ẹ̀yìn jáde sínú omi, ó parí nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kọkànlá ni Bertalan Dudás gbé e sódì.

Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, apá rẹ̀ gùn ju ẹ̀wù funfun tí wọ́n fún un lọ, bàbá rẹ̀ sì ń gbin ata ní abúlé kan nítòsí ààlà Serbia. Wákàtí kan gbáko ló fi taná sí iṣẹ́ náà. Nígbà tó tú u, ó da aró pupa sórí awọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, kó lè rí i bóyá àwọn purotéènì ti dé. Awọ náà funfun báláú bó ti wà.

"Àfàìmọ̀ ni kí aró yìí má ti bà jẹ́," Bertalan ní.

Kinga wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo awọ, ó wo okùn, ó wá wo ojú ọ̀gbẹ́ni náà.

"Aró ò bà jẹ́. Ẹni tó ń lò ó ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ̀gbẹ́ ibo lo gbé jẹ́lì sí?"

Bertalan ronú. Ọrùn rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀gbẹ́ okùn pupa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ó gbé e sódì," Kinga sọ fún gbogbo yàrá. Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi máa ń ta èèyàn. "Ọkàn èèyàn mẹ́fà lo dà sínú omi yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ti kú, a ò sì lè lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa sí i. Kúrò níbẹ̀. Wò mí, kí o sì di ọwọ́ rẹ méjèèjì mú sẹ́yìn kí wọ́n má bàa ran àwọn nǹkan mìíràn."

Ó fi ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú ìgò tún un ṣe. Purotéènì ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ náà, èyí tí kì í dín, tí kì í lé, tó máa ń jẹ́rìí pé iye ẹran kan náà ni wọ́n fi sí ojú kọ̀ọ̀kan, ojú kan fún aláìsàn kan. Gbogbo ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jáde bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìbínú ti wọ ọwọ́ Kinga, ẹ̀mú tó fi gbé awọ náà sì bù ú jẹ lábẹ́ ojú kẹta láti apá òsì, àpá tó tẹ̀ bí èékánná ọmọ ọwọ́. Inú bí i sí àpá yẹn ju ohun gbogbo lọ. Ó lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ojú ìwé kẹtàlélógójì, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé:

*Ọmọ aláta gbé e sódì. Mo tún un ṣe. Kí wọ́n dá a padà sóko ata, kó lọ máa lé ẹyẹ.*

Ìwé àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Wọ́n ti tẹ nọ́ńbà sójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya á, kò gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́, kò sì gbọdọ̀ gbé e jáde nínú ilé náà. Bí o bá ṣe àṣìṣe, ìlà kan ṣoṣo ni wàá fà lé e lórí kí wọ́n ṣì lè kà á, wàá kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàá fọwọ́ sí i, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ á sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Kinga kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó pa ìwé dé.

Ẹni tí Etelka fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ni Dókítà Ottó Halmágyi, olùwádìí níbi iṣẹ́ Kinga. Ottó jẹ́ irú ọkùnrin tí dígí ilé rẹ̀ kì í sinmi. Bàtà rẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dán, iṣẹ́ rẹ̀ náà sì ń dán. Iṣẹ́ gbogbo èèyàn níbẹ̀ a máa bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Ottó kì í bà jẹ́. Àwọn ọ̀gá ń pè é ní ẹlẹ́bùn. Àǹtí Piri, ìyá àgbàlagbà tó ń fọ ìgò níbẹ̀ láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò pè é ní nǹkan kan. Ó kàn sọ pé ìgò Ottó kì í dọ̀tí tó bó ṣe yẹ kí ìgò ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dọ̀tí.

Nígbà tí ọjọ́ orúkọ Kinga, tí wọ́n máa ń ṣe nílẹ̀ wọn bí ọjọ́ ìbí, pé nínú oṣù Keje, tọmọdé tàgbà ibi iṣẹ́ gbé òdòdó wá bí ìṣe wọn. Ti Ottó ló tóbi jù. Ata gígún ni Bertalan gbé wá, nínú ìgò jáàmù.

"Ata bàbá mi ni," ó ní.

"Ṣé mo jọ ìkòkò ọbẹ̀ lójú rẹ ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n gbogbo òdòdó yìí máa rọ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ata ò ní rọ."

Ọjọ́ Àìkú ni Etelka fi ata náà se ọbẹ̀ ẹja. Ó bu àwo kìíní, ó jẹ ẹ́ tán. Ó bu ìkejì. "Ẹja yìí dáa lónìí. Ibo lo ti ra ata yìí?"

"Wọ́n fún mi ni, Màmá."

"Ta ni? Ottó?"

"Bertalan Dudás."

"Èwo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ aláta tó wà níbi iṣẹ́ wa."

Etelka gbé ṣíbí sílẹ̀, ó fi aṣọ nu ẹnu. "Mo ti ń rò ó pé nǹkan kan ń ta mí lọ́fun," ó ní. Àwo méjì ló jẹ kó tó mọ̀ pé ó ń ta òun.

Ẹ ó rí i pé ẹ̀gàn kò ní kí ojú má ríran. Ní gbogbo ọ̀gìnnìtìn ọdún yẹn, ẹ̀gbẹ́ Kinga ni Bertalan ti ń ṣiṣẹ́. Bí awọ bá ti jáde, wọ́n á rì í sínú mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n pò, kí àńtíbọ́dì má bàa lẹ̀ mọ́ ibi tí kò kàn án, wọ́n á sì dúró dè é fún wákàtí kan. Kí ni èèyàn méjì á máa wò fún wákàtí kan bí kò ṣe ara wọn? Lọ́jọ́ kan, Kinga fa ìwé àkọsílẹ̀ Bertalan sọ́dọ̀. Gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ló wà níbẹ̀, tòun tọjọ́ tó ṣẹlẹ̀: *mo gbé e sódì, mo gbàgbé iyọ̀, omi gbóná jù.*

"Kí ló dé tí o ń kó ìtìjú ara rẹ jọ báyìí?" Kinga bi í.

"Bàbá mi máa ń sọ pé àgbẹ̀ tó bá parọ́ fún ara rẹ̀ nípa òjò, ebi ló máa sọ òótọ́ fún un."

Kinga rẹ́rìn-ín, inú sì bí i pé òun rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. "Oògùn ọkàn tuntun tí Ottó ń dán wò ńkọ́? Ó ní ó ń sọ purotéènì ọkàn di púpọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣe é, Àǹtí Kinga. Kò sọ ọ́ di nǹkan kan. Ottó ní ọwọ́ mi ni kò dáa."

"Ọwọ́ rẹ kò dáa lóòótọ́," Kinga ní. Ṣùgbọ́n ó ti wo ọwọ́ náà fún oṣù mẹ́ta, ó sì mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Àǹtí Piri bá a níbi tó ti ń fọwọ́. "O ń wò ó."

"Ta ni mò ń wò?"

"Ẹni tí o ń ta. Ìwọ ọmọ yìí, èmi kì í ṣe ìyá rẹ, mi ò ní purọ́ fún ọ. Agbọn kì í ta ohun tí kò sún mọ́ ọn."

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé inú ilé. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọkùnrin ìlú máa ń lọ wọ́n omi tàbí lọ́fíńdà sí obìnrin lórí, kí wọ́n má bàa rọ bí òdòdó, obìnrin á sì fún wọn ní ẹyin pupa. Ottó ti dé kó tó di aago mẹ́wàá, pẹ̀lú lọ́fíńdà ilẹ̀ Faransé. Ó fẹnu ko ọwọ́ Etelka, ó ní òun ò mọ èwo ni ìyá nínú àwọn méjèèjì. Irọ́ náà ti gbó débi pé ó ti hu irùngbọ̀n, síbẹ̀ Etelka rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ó sọ fún Ottó pé bó bá ní òrùka lọ́wọ́, kó gbé e wá, òun á bá Kinga tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi mọ ohun tó dáa fún ara rẹ̀.

Agogo ẹnu ọ̀nà dún. Bertalan ló wọlé, pẹ̀lú kóòtù tó jọ ti bàbá rẹ̀. Ìgò rọ́bà onímú gígùn tí wọ́n fi ń ṣan nǹkan níbi iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, Mà. Mo wá bomi rin òdòdó ilé yìí ni."

"Omi wo nìyẹn?" Etelka bi í.

"Omi ilé ìwádìí ni, Mà. Wọ́n ti yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Omi lásán ni."

"Omi lásán." Etelka kọjú sí Ottó. "Ó bá ẹni tó gbé e wá mu."

Ottó rẹ́rìn-ín. Kinga wo ìyá rẹ̀, ó rí i pé ìyá rẹ̀ ń wo òun, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú gbogbo ayé, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má fojú tẹ́ńbẹ́lú òun nínú ilé òun. Bertalan dúró kí ẹ̀rín náà tán. Ó ta omi sí irun Kinga ní ẹ̀kán méjì, ó sì dúró de ẹyin.

Ẹyin pupa mọ́kànlá ló wà nínú abọ́ lórí tábìlì. Kinga wọ ilé ìdáná lọ, ó sì gbé ẹyin sísè funfun kan tó ti tutù jáde. "Èyí ló kù," ó ní.

Bertalan wo abọ́. Ó gba ẹyin náà, ó fi sínú àpò kóòtù. "Mo dúpẹ́. Ẹyin ṣáà lòun náà."

Nígbà tí àlejò tán, Kinga fọ irun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí lọ́fíńdà Ottó. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó rántí pé omi Bertalan náà ti bá a lọ. Ó jókòó sétí àwo ìwẹ̀, ó sì sunkún, ó ń bú ara rẹ̀ lóríṣiríṣi orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń bú aládùúgbò.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Piri gbé iṣẹ́ tí Bertalan rán an dé. "Ó ní kí n bi ọ́ léèrè kan péré. Ṣé ọ̀rọ̀ omi lásán yẹn ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín ni, àbí torí pé ìyá rẹ ń wò ọ́?"

Kinga tẹrí ba, ó ń fọ ìgò tó ti mọ́.

"Mo ti gbọ́," Àǹtí Piri ní. "Màá jíṣẹ́ fún un bẹ́ẹ̀."

Ó tó oṣù kan kí Bertalan tó tún bá a sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Létí odò ni, lẹ́yìn iṣẹ́, oòrùn ṣì ń ràn. Ó ti kúrò lórí "ẹ" lọ́jọ́ yẹn.

"Kinga, mo fẹ́ fẹ́ ọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dán."

"Màmá mi á kú."

"Wọn ò ní kú. Wọ́n á kàn máa bínú, o sì ti mọ̀ wọ́n mọ́ ìbínú."

"Mo fún ọ ní ẹyin funfun tó ti tutù."

"Mo jẹ ẹ́," Bertalan ní. "Ó nílò iyọ̀."

Kinga gbé orí lé èjìká Bertalan, lórí kóòtù tó jọ ti bàbá rẹ̀ yẹn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní àyè títí di ìgbà ìkórè ata, òun á sọ fún ìyá òun, òun á sì dá òrùka Ottó padà, torí Etelka ti gbà á, ó ti tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ láì bi ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára gan-an. Ó ń kí àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rò pé ara rẹ̀ ò yá.

Nínú oṣù Kẹjọ ni Ottó gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ lé e lọ́wọ́ kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé náà ní oògùn tuntun yẹn ṣiṣẹ́, ó ń gbéra lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, orúkọ Ottó sì fẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kinga dé ibi àwòrán kẹta. Ojú mẹ́fà, purotéènì ẹlẹ́rìí, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Lábẹ́ ojú kẹta láti apá ọ̀tún, ó rí àpá kan tó tẹ̀ bí èékánná ọmọ ọwọ́.

Ó jókòó. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè mọ àpá yẹn, nítorí ọwọ́ òun ló dá a. Ottó ti yí àwòrán ojú ìwé kẹtàlélógójì padà, ọ̀tún di òsì, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tí òun kò ṣe rí, lára àwọn aláìsàn tí òun kò fọwọ́ kàn rí. Gbogbo dídán yẹn, olè jíjà ni.

Ó bá Ottó nínú ọ́fíìsì, ó sì gbé àwòrán méjèèjì síwájú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà kò tilẹ̀ dìde.

"Ta ló fẹ́ mọ̀?" ó ní.

"Èmi mọ̀. Àwọn tó máa lo oògùn yẹn ńkọ́? Ọkàn wọn ń kú lọ, wàá fún wọn ní omi ṣúgà?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀. Ẹ̀rí dà? Ojú ìwé kẹtàlélógójì nìkan ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti kà á o. O mọ̀wé kọ. Bí o bá gbé e síwájú ìgbìmọ̀ ilé ìwádìí, ìwọ alára lo máa kà á sókè, òfin wọn nìyẹn, wọ́n á sì pe gbogbo ẹni tó wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn wá jókòó. Gbogbo wọn. Fẹ́ aláta rẹ bó bá wù ọ́, Kinga, èmi ò jowú. Ṣé mo máa jowú nítorí ata? Ṣáà pa ẹnu mọ́."

Ọ̀sẹ̀ kan ni Kinga kò fi jẹun dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó ṣí ìwé náà. Ó rò ó pé bóun bá gé ìsàlẹ̀ nìkan, àwòrán á ṣẹ́ kù, ọ̀rọ̀ á lọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n bá gé, ta ló máa gbà á gbọ́? Ottó á ní ìwé náà gan-an ni ayédèrú. Ó tún ka ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ìkọ̀wé rẹ̀ dára púpọ̀, kò sí lẹ́tà kan tí ojú kò lè kà. Ó gbìyànjú láti kọ́kọ́ sọ fún Bertalan, ó sì dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n nígbà kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ ló tọrọ.

Nígbẹ̀yìn, ó fẹjọ́ náà sùn, ìgbìmọ̀ sì jókòó nínú oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lívia Tarján ló ṣe alága, obìnrin tó ti gbọ́ irọ́ tó pọ̀ débi pé ó lè máa sùn bí wọ́n ṣe ń pa á. Ottó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Bertalan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Kinga kó lè ní ìgboyà. Ẹ̀rín yẹn ló fẹ́ pa á.

Wọ́n fi àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n yí ọ̀kan padà, àpá sì bá àpá mu. "Ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀," Ọ̀jọ̀gbọ́n Tarján ní, "kí a lè mọ̀ pé ọjọ́ yẹn la ṣe é."

Kinga kà á. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi kà á, nítorí kò ní òmíràn. Nígbà tó dé ibi *kó lọ máa lé ẹyẹ*, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì panu mọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Dudás, ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí?"

Bertalan dìde. Ọrùn rẹ̀ pọ́n bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo gbé e sódì. Wọ́n bá mi tún un ṣe, mo sì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀." Ó kí ìgbìmọ̀, ó sì jáde. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Kinga wà.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ Ottó, wọ́n sì ti dá oògùn náà dúró. Bertalan gba ìsinmi, ó ní ìkórè ata ti dé. Kinga gbé òrùka lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"O tú Ottó fó," Etelka ní. "O sì tú ọmọ aláta ọ̀hún fó. Ta ló kù fún ọ báyìí?"

"Ó ku èmi àti ẹ̀yin, Màmá. Ẹ wò wá dáadáa."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ìròyìn. Nígbà tí wọ́n dá ìwé náà padà fún un, Kinga mú rúlà. Ó fa ìlà kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí òfin, ó sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:

*Ọmọ aláta gbé jẹ́lì sódì lẹ́ẹ̀kan, fún wákàtí kan. Èmi gbé òun alára sódì fún ọdún méjì.*

Ó fọwọ́ sí i. Àyè ẹlẹ́rìí ṣófo.

"Gbé e wá, èmi á fọwọ́ sí i," Àǹtí Piri ní.

"Kò lè jẹ́ ẹ̀yin. Ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà ni òfin wí."

Àǹtí Piri wo ìwé, ó wo Kinga lójú, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀. "Ó dáa. Mo ti dàgbà jù fún bọ́ọ̀sì abúlé, ṣùgbọ́n màá lọ."

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni Bertalan wọlé. Ata ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di pupa dé ọrùn ọwọ́. Kò jókòó. "Wọ́n ní ìwé kan nílò ẹlẹ́rìí."

Kinga ṣí i fún un. Ó kà á pẹ̀lú sùúrù, òkè àti ẹ̀gbẹ́, ó tún padà sí òkè.

"Ìlà yìí ò pa á rẹ́," ó ní.

"Kò pa á rẹ́. Wọ́n á máa kà á títí."

"Ó dùn mí, Kinga. Ohun tí o kọ kọ́ ló dùn mí jù, mo ti mọ̀ pé o gàn mí. O mọ̀ pé wọ́n máa kà á sétí mi, o sì ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Ojo ni mí. Gbogbo ẹnu tí mo ní yìí, ojo ni mí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ èèyàn láì kọ́kọ́ gàn án."

Bertalan gba bíírò. Ó fọwọ́ sí àyè ẹlẹ́rìí, ó kọ déètì sí i, àtàǹpàkò rẹ̀ sì fi àmì pupa sílẹ̀ létí ìwé.

"Ẹyẹ oko ńkọ́?" Kinga bi í.

"Wọ́n ń jẹ wá run. Mi ò tíì rí ẹni tó máa bá wa lé wọn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ Dókítà Szilvássy wà láàárín ebè ata, nínú bàtà òjò tí wọ́n yá a, ó ń fi igi lu agolo. Etelka ti sọ nílé pé òun ò bímọ fún alé-ẹyẹ. Ó sì tún sọ ọ́ nínú oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kó tó bu àwo ọbẹ̀ ẹja kejì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, kò sẹ́ni tó gàn án. Bàbá Bertalan kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà àká, ó ń wò ó, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú.

"Bertalan, ọmọbìnrin tó wà lọ́hùn-ún yẹn."

"Ìyàwó mi ni, Bàbá, bó bá gbà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n inú oko ló ń lé àwọn ẹyẹ yẹn sí."

Bertalan wò ó. Òótọ́ ni. Láti ẹ̀bá odò ló ti ń lù ú bọ̀, tokunra tokunra, gbogbo ẹyẹ sì ń fò níwájú rẹ̀ bọ́ sórí ata.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá," ó ní. "Ó máa kọ àṣìṣe náà sínú ìwé rẹ̀."